Ààrò ìyanja tí òkun gbé lọ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Obìnrin oníṣòwò ni mí ní Ọjà Jagun ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Ẹja yíyan àti edé gbígbẹ ni mo ti ń tà láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ohun tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni èrò kan tí mo ti gbọ́ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́nu àwọn ènìyàn wa ní ìlú òkè, tí mo sì tún kà láìpẹ́ yìí, pé àwọn ará etí òkun Ìlàjẹ tí omi ń lé kúrò nílé, kí ìjọba ṣáà kó wọn wá sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí ó fún wọn ní ilé àti ilẹ̀ oko, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Mo mọ̀ pé àánú ni ó mú kí ènìyàn sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bá wọn ṣòwò yóò mọ̀ pé ilé nìkan kọ́ ni òkun ń gbé lọ, àti pé bí a bá kọ́ ilé fún ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú ilé tuntun náà ni ebi yóò ti bá a.

Ọ̀nà tí mò ń gbà lọ ra ọjà jìn. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, a ó gba Ìbàdàn, a ó kọjá Ìjẹ̀bú-Òde àti Òrè, a ó dé Òkìtìpupa kí a tó wọ Igbókọ̀dá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gba èrò lọ́wọ́ mọ́tò. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé oníbàárà mi kan, obìnrin Ìlàjẹ tí mò ń pè ní Ìyá Oníṣáwá, tí òun náà ń pè mí ní Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́. Abúlé rẹ̀ kò jìnnà sí Ayétòrò. Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó; wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ èrè rẹ̀, wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn, òkìkí wọn sì kàn débi pé Ìlú Ayọ̀ ni a ń pè é. Lónìí, òkun ti gba àdúgbò lẹ́yìn àdúgbò nínú ìlú náà. Ilẹ̀ etí òkun wọn kì í ṣe iyanrìn bí ti Èkó, ẹrẹ̀ rírọ̀ tí ó rẹlẹ̀ ni, ìgbì kì í sì í pẹ́ jẹ ẹ́. Omi òkun káàkiri ayé ń ga sí i bí ayé ṣe ń móoru, àwọn ipa odò tí a fi ọwọ́ gbẹ́ nítorí epo rọ̀bì sì la ọ̀nà fún omi iyọ̀ láti wọ inú irà tí kò níyọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní agbègbè Awóyè, tí igi fi gbẹ tí ẹja inú irà sì kú.

Mo mọ ààrò ìyanja Ìyá Oníṣáwá bí mo ṣe mọ ilé ìdáná mi. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, ó ga tó ìbàdí ènìyàn, wọ́n sì tẹ́ àsẹ́ onírin sórí rẹ̀. Lórí àsẹ́ yìí ni yóò to ṣáwá sí, tí gbogbo orí ẹja yóò kọjú sí ibì kan náà, tí ìrù èyí yóò lé orí tòhún, kí ó tó fi páálí bò wọ́n kí èéfín má bàa sá lọ. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹja á fọ́. Bí ó bá kéré jù, kòkòrò á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kò ní ohun èlò kankan tí ó fi ń wọn ooru náà. Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni yóò nà sínú èéfín fún ìgbà díẹ̀, yóò sì fa igi kan jáde tàbí kí ó ti òmíràn wọlé. Irú ààrò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni ó ní lábẹ́ àtíbàbà kan, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin sì ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òru ọjọ́ kan ni ìgbì wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti padà di ẹrẹ̀ tí a fi mọ wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ó bá ààrò náà lọ, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò. Ọwọ́ Ìyá Oníṣáwá ni àwọn apẹja mẹ́ta, tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti ń gba owó epo tí wọ́n fi ń lọ sójú òkun. Nítorí owó epo yìí, òun ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ ra ẹja tí wọ́n bá mú bọ̀. Bí ó bá yan án tán, àwa tí a wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìbàdàn àti Ìlọrin yóò gbà á, a ó san ìdajì owó, a ó sì gba ìyókù láwìn títí di ọjọ́ ọjà tí ó tẹ̀ lé e. Okùn kan náà ni, láti inú òkun títí dé orí igbá mi ní Ọjà Jagun, kò sì sí ìwé kankan nínú rẹ̀, bí kò ṣe pé a mọ ara wa. Ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ kò bàjẹ́ rárá ní òru ọjọ́ náà, nítorí pé ó so ó mọ́ ẹ̀yìn odò. Síbẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko, ọkọ̀ náà kò lọ sókun. Ta ni yóò fún un lówó epo? Bí ó bá sì pẹja, níbo ni wọn yóò ti yan án kí ó má bàa jẹrà?

Àwọn kan wá ṣàánú wọn. Mátíràsì mẹ́rin àti àpò ìrẹsì kan ni ó kan ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo tí ìbátan rẹ̀ yọ̀ǹda fún un kò gbà ju mátíràsì kan lọ, nítorí náà ó ta mẹ́ta, ó fi owó wọn ra apẹ̀rẹ̀ ẹja tútù méjì, ó sì tọrọ ààrò ẹlòmíràn láti fi yan án. Àwọn tí ó fún un ní mátíràsì gbọ́, inú bí wọn, wọ́n sì pè é ní aláìmoore. Nígbà tí wọ́n tún padà wá láti kọ orúkọ àwọn tí wọn yóò fún ní àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ó dìde láti sọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì dá a lóhùn pé àwọn apẹja ni àwọn ń kọ, òun kì í ṣe apẹja. Ó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi lórí fóònù láìsunkún, èmi ni ojú mi ń ṣomi níhìn-ín. Obìnrin tí ń rán ọkùnrin mẹ́ta lọ sókun, tí ń bọ́ ọmọbìnrin mẹ́rin, tí ń fún àwa ọlọ́jà ìlú òkè ní ọjà, kò ní orúkọ tí ìwé wọn lè gbà.

Àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lóye irú ọ̀ràn yìí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò nílùú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Tamale àti káàkiri àríwá Gánà fún ọ̀pọ̀ ọdún kò lóǹkà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nínú gbogbo ohun tí ìyá mi ní, wọn kò gbé ju ẹrù aṣọ kan àti kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ọjà dé. Bàbá mi bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ìkòkò sílẹ̀ tí wọ́n gbé kóńgò. Ìyá mi ní àwọn lè bá ẹlòmíràn dáná pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò lè bá ẹlòmíràn wọn ọjà.

Ìyálé kan ní agbo ilé wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ní kí wọ́n gbé àpò gàrí kan kalẹ̀ níwájú ìyá mi. Wọn kò sọ pé àwọn fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọ́n ní kí ìyá mi lọ tà á, kí wọ́n mú owó rẹ̀ wá ní ọjọ́ ọjà kẹta, kí wọ́n sì wá gbé òmíràn. A rí oúnjẹ jẹ nílé bàbá wa, n kò lè purọ́; gbogbo agbo ilé ni ó ń gbé abọ́ wá. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ìyá mi máa ń wò bí wọ́n bá ń gba abọ́ oúnjẹ, àpò gàrí náà ni wọ́n fi gbójú sókè. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi wọ ẹgbẹ́ eléèsúsú, nígbà tí èsúsú sì kàn wọ́n, wọ́n gba ìsọ̀. Mo mọ̀ pé àṣẹ ìjọba ni ó lé wa ní Gánà, kì í ṣe ìgbì òkun. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sùn ní ọlọ́jà tí ó jí ní ẹni tí ń gba abọ́, ohun kan náà ni ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni a sì lè gbà dá a padà.

Kò tán síbí náà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilẹ̀ mì lábẹ́ òkun Íńdíà, omi sì ru bo etíkun orílẹ̀-èdè 14. Àwọn tí ó kú tó nǹkan bí 230,000, agbègbè Aceh ní Indonéṣíà sì ni ó pàdánù ènìyàn jù. Owó ìrànlọ́wọ́ wọ́ wá láti gbogbo ayé, ọkọ̀ ìpẹja ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ sì sáré fi owó náà kàn, nítorí pé ọkọ̀ ṣeé kà, ó ṣeé kọ orúkọ sí lára, ó sì dùn ún wò nínú fọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kéré jù fún òkun tí wọn yóò rìn, igi tí wọ́n fi kan àwọn mìíràn kò dára, àwọn kan sì bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò pẹja rí. Obìnrin tí ń sá ẹja àti èyí tí ń kiri rẹ̀ ni ó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀, bíi ti oníbàárà mi gẹ́lẹ́. Ohun tí ó tètè ran àwọn ará Aceh lọ́wọ́ jù, lójú tèmi, ni owó iṣẹ́ òòjọ́: láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn ará abúlé pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kó àwókù ilé àti ẹrẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Owó yẹn wọ ọjà lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á, ọlọ́jà sì rí ẹni tí yóò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti pé kí a kó wọn kúrò létí omi pátápátá, ìjọba Sri Lanka dán an wò lẹ́yìn omi kan náà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ilé kọ́ sí ìwọ̀n mítà 100 sí òkun ní apá gúúsù, àti mítà 200 ní àríwá àti ìlà oòrùn. A kó àwọn apẹja kan lọ sí ibi tí wọn kò ti lè ṣọ́ ọkọ̀ wọn mọ́, tí wọn kò sì lè fi ojú wo òkun ní ìdájí kí wọ́n mọ̀ bóyá ó yẹ kí àwọn jáde. Nígbà tí ó yá, ìjọba fúnra rẹ̀ dín ìwọ̀n náà kù. Èmi kò sọ pé kí àwọn ará Ìlàjẹ dúró kí òkun gbé wọn lọ, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá máa ṣí, kí ibùdó tuntun náà wà lẹ́bàá odò tí ó já sókun, kí ó ní èbúté, kí ó ní ibi ìyanja àti ọ̀nà tí ọkọ̀ ọlọ́jà lè gbà, kí a sì ti ṣe gbogbo rẹ̀ kí a tó kó ẹnikẹ́ni dé ibẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ kajú ìlú wa yóò lóye àpẹẹrẹ tí ó kàn yìí ju èmi lọ. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 2013, ìjì tí a pè ní Haiyan jà ní ilẹ̀ Philippines. Ó pa ju 6,000 ènìyàn lọ, ó sì wó igi àgbọn tí ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 33, bẹ́ẹ̀ àgbọn sì ni ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ fi ń jẹun. Àgbọn tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn máa ń gba ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó so. Ẹ ro ó wò ná, kí ìjì wó gbogbo kajú àti máńgòrò tí ó wà láti Ògbómọ̀ṣọ́ títí dé àwọn abúlé Súrùlérè àti Oríirè lóru ọjọ́ kan, kí àwọn kan sì wá pín irúgbìn kajú fún wa, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì máa lọ. Irúgbìn dára, ṣùgbọ́n kí ni a ó jẹ títí yóò fi so? Ní ilẹ̀ Philippines, a rí àwọn tí ó ronú dé ibẹ̀, tí wọ́n fún àgbẹ̀ ní irúgbìn àgbàdo àti ẹ̀fọ́ tí yóò gbìn sáàárín àgbọn, kí ilé lè ní ohun tí yóò tà láàárín oṣù mélòó kan.

Èyí ni mo fi fẹ́ràn ọ̀nà tí ẹgbẹ́ BRAC ní Bangladesh ń tọ̀. Fazle Hasan Abed ni ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1972, lẹ́yìn ìjì òkun ọdún 1970 àti ogun ọdún 1971 tí ó ba ilẹ̀ wọn jẹ́. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti ń fún àwọn obìnrin tí ó tálákà jù ní màlúù, ewúrẹ́ tàbí ohun mìíràn tí wọ́n lè fi ṣòwò, ṣùgbọ́n wọn kò fi ẹran náà sílẹ̀ fún un kí wọ́n máa lọ: wọ́n ń fún un ní owó oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ kí ebi má bàa mú kí ó ta màlúù náà, wọ́n ń kọ́ ọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀, ẹnìkan a sì máa yà sílé rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún méjì. Nígbà tí àwọn onímọ̀ dán irú ètò yìí wò ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Gánà aládùúgbò wa wà nínú wọn, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé àǹfààní rẹ̀ ṣì wà nínú ilé àwọn ènìyàn náà ní ọdún kan lẹ́yìn tí ètò ti parí. Bí Ìyá Oníṣáwá bá rí owó oúnjẹ àti owó ẹja gbà lẹ́ẹ̀kan náà, kì bá tí nílò láti ta mátíràsì kí ó tó rí ẹja rà.

Gbèsè tún wà níbẹ̀, kò sì yẹ kí a fojú fò ó. Kí ìgbì tó dé, Ìyá Oníṣáwá jẹ ẹnìkan lówó ẹja, àwọn apẹja rẹ̀ sì jẹ owó àwọ̀n. Bí a bá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lówó lónìí láìbá àwọn tí ó jẹ lówó sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn kan ni owó náà yóò gbà wọlé tí yóò gba òmíràn jáde. Bí a kò bá sì fún un, ọwọ́ àwọn olówó sọ̀gúndogójì ni yóò lọ. Mo ti rí obìnrin méjì ní Igbókọ̀dá tí wọ́n ń yan ẹja láti òwúrọ̀ di alẹ́ fún olówó, tí ẹja kan kò sì jẹ́ tiwọn nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí àwọn obìnrin náà ti ní tẹ́lẹ̀, tí wọ́n mọ ẹni tí ń sanwó àti ẹni tí kì í san, ni kí owó ìrànlọ́wọ́ gbà kọjá, kí wọ́n sì bá àwọn tí wọ́n jẹ lówó ṣe àdéhùn pé kí ìsanwó dúró títí ìgbà ẹja yóò fi dé.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò wọ́n. Kí ẹni tí ó bá ń kọ orúkọ béèrè iṣẹ́ olúkúlùkù nínú ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ó má ṣe béèrè baálé nìkan. Kí a mọ ààrò fún wọn kí a tó ronú kan ọkọ̀ tuntun. Ní Gánà, wọ́n ní irú ààrò kan tí wọ́n ń pè ní Chorkor, tí a fi orúkọ àdúgbò apẹja kan ní Accra pè; pátákó alásẹ́ ni wọ́n ń tò lé ara wọn lórí rẹ̀, ẹja púpọ̀ ni ó ń yan lẹ́ẹ̀kan, kì í sì í jẹ igi púpọ̀. Bí omi bá ń bọ̀, ènìyàn lè ru àwọn pátákó náà sá lọ, amọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni òkun yóò rí gbé. Àwọn ọmọ Yunifásítì LAUTECH tí ń kọ́ nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn àti iṣẹ́ ẹ̀rọ níhìn-ín kò ṣàìlè ṣe irú rẹ̀ kí wọ́n sì mú un dára sí i.

Ní tiwa ní Ọjà Jagun, àwa mọ́kànlá tí a ń ra ọjà ní ọ̀hún jókòó, a sì fẹnu kò pé kí olúkúlùkù san gbogbo àwìn tí ó jẹ láìdúró de ọjọ́ ọjà, kí a sì máa san owó ẹja sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta kí a tó gbà á. Kò rọrùn fún wa, nítorí ọjà kò yá. Owó yẹn ni Ìyá Oníṣáwá fi mọ ààrò kan padà sí ẹ̀yìn odò. Èkejì ti ga dé ìbàdí, àsẹ́ ni kò tíì ní. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rìnlá ni ó máa ń fi ránṣẹ́ sí mi tẹ́lẹ̀. Mẹ́rin ni mo gbà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, orí gbogbo ṣáwá inú wọn sì kọjú sí ibì kan náà.

Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ rán oníròyìn yín lọ sí Igbókọ̀dá ní ọjọ́ ọjà. Kí ó wọ ọkọ̀ dé àwọn abúlé etí òkun, kí ó má ṣe dúró lọ́dọ̀ àwọn olóyè nìkan. Kí ó wá àwọn obìnrin tí ọwọ́ wọn dúdú fún èéfín, kí ó béèrè lọ́wọ́ wọn iye tí ààrò kan ń náni, kí ó sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìròyìn yín, bí wọ́n bá gbà á láyè, pẹ̀lú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ìyá ẹlẹ́ja kan,
Ọjà Jagun, Ògbómọ̀ṣọ́.